Ó Wọlé Wẹ́rẹ́, Kò Ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ n sáré sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe ní Ìpógun: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè, ìsìnkú. Látìgbà tí àwọn oníbàárà ti gbọ́ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ 4K ni laptop mi tó ní RAM 8 GB ti ń kú lójú mi. Wákàtí kan péré nínú fídíò 4K tí kámẹ́rà mi ń ká tó nǹkan bíi 45 GB, ìsìnkú tiwa níhìn-ín kì í sì í ṣe ohun tó ń parí ní wákàtí kan. Mo kó àjọ, mo gba Àkúrẹ́ lọ, mo ra workstation tòkúnbọ̀ kan, àpótí irin dúdú tí ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ti lò kó tó kàn wá. Processor Xeon ló wà nínú rẹ̀. Ihò RAM mẹ́jọ ló ní, ṣùgbọ́n RAM méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, 8 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká gbé omi inú ife tíì síwájú akọ màlúù, bẹ́ẹ̀ ló rí lójú mi.

Mo pe oníṣòwò kan ní Ìkẹjà. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: RAM mẹ́rin, 16 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná pupa ń tàn lórí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi í bóyá wọ́n á bá ẹ̀rọ mi mu. Ó ní, “Ọ̀gá mi, DDR4 ni tiyín, DDR4 ni tèmi. Ó máa wọlé.” N kò béèrè ohun mìíràn mọ́. Iná pupa yẹn ti gbà mí lọ́kàn.

Àwọn RAM náà dé sọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìdílé màmá kan tí a sìn ní Ìpógun ń bọ̀ wá wo fídíò ìsìnkú wọn, kí wọ́n yan èyí tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì san owó tó kù. Mo yọ àwọn RAM àtijọ́, mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n ń dún kẹ́kẹ́ lọ́tùn-ún lósì. NEPA kò sì tíì mú iná wá, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ mi, n kò lè dán an wò. Mo ní kò sí wàhálà, a óò jọ ṣí i níṣojú wọn. Mo tún fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láì dé e, kí wọ́n lè rí ibi tí owó wọn ń lọ.

Wọ́n dé ní ọ̀sán, iná náà dé. Àrẹ̀mọ màmá ti Èkó wá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ti Lọ́ńdọ̀nù wá, àbúrò màmá fúnra rẹ̀, arúgbó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Oǹdó, wọkọ̀ láti Oǹdó wá. Mo gbé àga sílẹ̀, mo pín mọ́ọ̀tì. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pa ẹ̀rọ rẹ̀, òun àti ẹni tó ń gẹ irun fún wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, irun olúwarẹ̀ kù lápá kan. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà.

Fáànù hó. Iná pupa tàn yòò lára RAM mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ilé ní “Háà!” Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà ké: pí, pí, pí, pí, pí. Iná bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣẹ́jú ní pupa. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí mo so mọ́ ọn dúdú kirikiri. Ó sinmi díẹ̀, ó tún ké: pí, pí, pí, pí, pí.

Ìyá Oǹdó bi mí pé, “Ṣé ó ń kí wa ni?”

Ọlọ́run dárí jì mí, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ń kí yín.”

Arúgbó náà kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó ní, “A dúpẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́.” Ẹ̀rọ náà tún ké márùn-ún.

Ohun tó ń sọ gan-an ni pé òun kò rí RAM tó yé òun. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ó ná mi lówó kó tó yé mi. Nínú kọ̀ǹpútà ilé lásán, Processor ló ń bá ẹyọ chip kọ̀ọ̀kan tó wà lára RAM sọ̀rọ̀ tààrà. Irú RAM bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní UDIMM. Bí RAM bá ti pọ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá, ẹrù á wọ Processor lọ́rùn, nítorí náà wọ́n fi chip kékeré kan sáàárín RAM, òun ló ń gba àṣẹ lẹ́nu Processor tó sì ń jíṣẹ́ fún ìyókù. RDIMM nìyẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Xeon bíi tèmi ń lò, wọn kì í sì í gba èkejì mọ́ ọn. Ó tún ní chip àlékún: níbi tí RAM lásán ti ní mẹ́jọ, òun á ní mẹ́sàn-án, kó lè rí àṣìṣe kó sì tún un ṣe kí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Lára àwọn RAM àtijọ́ tí mo yọ sọ sínú àpò ṣòkòtò mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: PC4-2400T, lẹ́yìn náà lẹ́tà R. Lẹ́yìn àwọn oníná pupa tèmi, lẹ́tà wínníwínní: UDIMM.

Ibi tó ń dùn mí dọ́kàn ni pé ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀ nínú DDR4. Ẹsẹ̀ 288 ni méjèèjì ní, ibi tí wọ́n gé lára wọn kò yàtọ̀. Ta ló jókòó tó ṣe irú ìyẹn? Bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé gan-an, wọn kì í rán an kó wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣe DDR5 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gé ti R síbòmíràn kó má lè wọ ihò U mọ́. Ó pẹ́ jù fún èmi.

Ẹ padà wá sí Ìpógun. Mo yọ RAM náà, mo fi írésà nu ẹsẹ̀ wọn, mo fẹnu fẹ́ wọn, mo kì wọ́n padà. Pí, pí, pí, pí, pí. Mo fi méjì tuntun mọ́ méjì àtijọ́. Kò yé e rárá. Àrẹ̀mọ wo aago rẹ̀. Onígbàjámọ̀ bá ní, “Ẹ yọ bátìrì ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n máa ń ṣe.” Èmi tí mo lọ sí Àkúrẹ́ kọ́ṣẹ́ ni mo gba ìmọ̀ràn onígbàjámọ̀. Mo yọ bátìrì roboto tó wà lára bọ́ọ̀dù, mo fi í padà, mo fi àwọn RAM àtijọ́ nìkan sí i, mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò tíì gba ìyìn náà tán tí ọ̀rọ̀ fi jáde pé ẹ̀rọ náà kò rí hard disk tí yóò gbéra láti inú rẹ̀. Lókè níbẹ̀, Àrẹ̀mọ wọ jígí, ó ka déètì jáde: 1 January 2014.

“2014?” Ìyá Oǹdó dìde. “Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sí oko kókó nígbà yẹn!”

Àbúrò Àrẹ̀mọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá bú sẹ́kún. Mo fowó àjọ ara mi jí òkú dìde, n kò sì rí fídíò ìsìnkú rẹ̀ mọ́.

Bátìrì yẹn ni ẹ̀rọ fi ń rántí àkókò àti ètò tí a ṣe fún un. Ètò tí èmi sì ti ṣe tẹ́lẹ̀ nítorí ìkánjú ni RAID 0: hard disk méjì tí mo so pọ̀ di ọ̀kan kó lè yára. Fáìlì kọ̀ọ̀kan, a gé e wẹ́wẹ́, ìdajì wà nínú èyí, ìdajì wà nínú ìyẹn. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì kú. Hard disk kan ń ka nǹkan bíi 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nígbà tí SSD kékeré lásán lè ka 550, tí irú SSD tó ń jẹ́ NVMe sì lè kọjá 3,000. Ìyẹn ni pé mo fi iṣẹ́ àwọn oníbàárà ta tẹ́tẹ́ nítorí ìyára tí owó RAM oníná yẹn ì bá ti rà fún mi. Bí bátìrì ṣe kúrò, ẹ̀rọ gbàgbé RAID. Hard disk méjì tí kò mọ ara wọn rí ló ń wò.

Mo ti ń wá flash láti fi Windows tuntun sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Fásitì Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín, tó wá gba fídíò ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ló di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan. Tí ẹ bá kọ nǹkan sórí rẹ̀ báyìí, ó parí nìyẹn.” Ó wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, ó yí ibi kan padà sí RAID, ó tún déètì ṣe. Windows gbéra. Màmá fara hàn nínú pósí, Ìyá Oǹdó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n wo fídíò náà pẹ̀lú 16 GB, ó ń fà díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Àrẹ̀mọ san owó náà, ó yọ owó ọkọ̀ Ìyá Oǹdó kúrò nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí RDIMM mẹ́rin ló wà níbẹ̀, 16 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòkúnbọ̀ láti inú sáfà tí wọ́n tú. Owó wọn kéré sí ti àwọn oníná. Mẹ́rin ni mo rà torí ọ̀nà mẹ́rin ni Xeon yẹn fi ń bá RAM sọ̀rọ̀, ó sì dára kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mo fi NVMe kan sí i fún Windows àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Hard disk méjèèjì ń kọ ohun kan náà báyìí, ìkẹta sì wà nílé mi.

Mo pe oníṣòwò Ìkẹjà. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé kò wọlé ni?” RAM oníná pupa mẹ́rin wà fún títà. Ẹ pè mí kí NEPA tó mú iná lọ, mo lè dín in kù díẹ̀.