Awò Lójú Ọ̀gá, Ògiri Lójú Ìyá

Ẹ bá mi kí ọ̀gá kúárì kú oríire o! Wọ́n ti ra awò VR, tó ń gbéni wọ ayé inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n dì í mọ́jú bí wẹ́dà tí iná fẹ́ bà lójú, wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń rìn kiri inú kòtò òkúta Ọdẹ́dá, eruku ò kan bàtà wọn. Katapílà inú awò ń bọ̀, ọ̀gá yà fún un, ó di gbàà! Orúnkún wọn bá tábìlì gidi. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà.

N ò ní kí wọ́n da ẹ̀rọ nù o. Ní kòtò bàbà Bingham Canyon, ní Utah, Amẹ́ríkà, rédà àtàwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ògiri kòtò rí i pé òkè ti ń yọ́ kúrò nípò. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ jáde. Lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, 2013, òkúta tó ju 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ ya lulẹ̀. Ẹnì kan ò kú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ gún iyán fún un.

Àmọ́ ẹ wo Ìyá Àgbà tó múlé ti kúárì. Wọn ò ra ẹ̀rọ kankan. Tí dáínámáìtì bá ti dún, àwo a jó lórí pẹpẹ, adìyẹ tó sàba a fẹyin sílẹ̀, ògiri a tún lanu sí i. Ará Ewékorò náà, tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń bá gbé láti 1960, orí páànù ni wọ́n ti ń ka eruku. Ṣùgbọ́n kí Ìyá lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní, “Ìyá, dátà dà?”

Àwọn baba wa sá wá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Àwa ọmọ Lísàbí ti wá ń sá fún òkúta. Òfin ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nílẹ̀. Ìyá ló ni ìmìtìtì.

Mo ní, “Ọ̀gá, nínú awò yẹn, ilé Ìyá ńkọ́?” Wọ́n yíjú sọ́tùn-ún, wọ́n yíjú sósì: “Kò sí ilé kankan níbí.” Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí wọn ò bá kó sínú kọ̀ǹpútà, awò ò lè fi í hàn.

Ẹ ri geophone tó ń wọn ìmì ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá, kí ẹ fa wáyà rẹ̀ dé ìdí àga ọ̀gá. Bí ilẹ̀ bá ti mì l'Ọ́dẹ́dá, kí àga náà mì, kí tíì gbígbóná dà sórí agbádá funfun wọn.