Ẹ Má Mira!

Wọ́n jí bátìrì mọ́tò ẹnìkan ní Bẹẹrẹ, àyà mi já, ni mo bá lọ ra aláàmù tó ń ké bí ẹnìkan bá ń rìn lóru. Ẹni tó tà á fún mi ní kì í fi ewúrẹ́ pe olè. Mo kàn án mọ́ òpó pèpéle wa lẹ́yìn Ọjà'ba, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Mo ní kó lè máa rí ẹsẹ̀ olè.

Lóru, ó figbe ta. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 ti gbọ́ ariwo òṣèlú, kò gbọ́ irú èyí rí. Mo fò jáde tòun ti àdá àti ṣòkòtò péńpé, ilẹ̀kùn tì gbà lẹ́yìn mi, rìmóòtù aláàmù wà nínú ilé. Gbogbo agboolé tú síta. "Olè dà?" Òbúkọ Mọ́gàjí ló dúró síwájú aláàmù, ó ń jẹ èèpo iṣu.

Wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Aláàmù á dákẹ́, ẹnìkan á yí ọrùn, á tún bú sígbe. Bó ṣe ń ké ni èrò ń dé láti agboolé kejì, bí èrò ṣe ń dé náà ló ń ké. Mo lọgun: "Ẹ má mira! Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má mira!"

Wọ́n sì gbọ́ tèmi. Ìyá àgbà tó ń ró ìró lọ́wọ́ dì í mú láì tíì ró o tán. Ọkùnrin kan gbé ọmọrí odó sókè, kò lè sọ̀ ọ́. Aláàmù dákẹ́. Òbúkọ nara, ó rọra gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mọ́gàjí wò mí látòkè délẹ̀: "Ṣé o sọ fún òbúkọ náà ni?"

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé aláàmù ọ̀hún kì í rí èèyàn rárá! Ooru ara ló ń mọ̀. Ike funfun iwájú rẹ̀ pín àgbàlá sí ojú wẹ́wẹ́. Bí ooru bá ti ojú kan bọ́ sí èkejì, ariwo dé. Òbúkọ tó bá sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ ti di géńdé lójú rẹ̀. Òkè ló yẹ kó wà, nǹkan bíi mítà 2.1 sí 2.4, níbi igun, kí olè lè gba iwájú rẹ̀ kọjá ní ìbú. Tó bá ń bọ̀ tààrà, kì í tètè fura. Kó má kọjú sí oòrùn, kó má kọjú sí ìdáná. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi mọ gbogbo rẹ̀, owó mi nìkan ló rí ẹnu kà!

Mo ti gbé e sókè, kì í ké lásán mọ́. Àmọ́ tí mo bá ti ń bọ̀ láti Ọjà'ba báyìí, àwọn ọmọ agboolé á dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, títí màá fi wọlé.