Gìgísẹ̀ Mi Kì í Ṣe Adájọ́

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi mí sùn: ọ̀mọ̀ràn èké ni mí nídìí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Bí bíríkìlà bá ti tẹ́ ẹ tán, gìgísẹ̀ mi ni adájọ́. N ó fi lu ilẹ̀, yóò dún kì, n ó sì pàṣẹ kí táìsì máa bọ̀. Líle ni gìgísẹ̀ ń gbọ́. Gbígbẹ ni ó yẹ kó béèrè, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Omi ni sìmẹ́ńtì ń mu kí ó tó le, ìdí nìyí tí a fi ń wọ́n omi sí i fún bí ọjọ́ 7. Èyí tí kò mu tán yóò máa gba ojú ihò tín-ín-rín jáde, bíi mìlímítà kan lójúmọ́, débi pé ilẹ̀ tó nípọn tó mìlímítà 50 lè gba oṣù kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi ti ń jáde ni ilẹ̀ ń súnkì. Táìsì kì í súnkì. Ọwọ́ àwọn méjèèjì á já, abẹ́ táìsì á ṣófo, àlejò á sì máa rìn nínú ilé bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn: kò-kò-kò. Ìbéèrè tí gìgísẹ̀ kò bi ilẹ̀ lánàá, ẹsẹ̀ àlejò ló ń dá a lóhùn.

Ẹnìkan yóò ní: "Kétu nìyí, oòrùn àti ọyẹ́ yóò gbẹ ẹ́ kíá." Àwáwí tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbẹ. Ọyẹ́ a máa fa omi kí sìmẹ́ńtì tó mu ún yó, ojú rẹ̀ á sì sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n ń sin ọ̀pá omi gbígbóná sínú ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kí yàrá lè móoru. Iná wà lábẹ́ ilẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ìlànà wọn ní kí wọ́n má tàn án kí ọjọ́ 21 tó pé, kí ooru omi má sì ju 25°C lọ fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Ẹni tó ní iná lábẹ́ ilẹ̀ ń ṣe sùúrù. Èmi tí mo ní oòrùn lókè ń sáré.

Ẹ má sì pe sùúrù yìí ní ọ̀ràn òyìnbó. Ìlú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, la wà: àwọn tó fi ilẹ̀ pupa mọ ògiri kò jẹ́ gbé ipele kejì lé èkíní tí kò tíì gbẹ. Ohun tó ń bí mi nínú, láìṣe àwàdà, ni pé àwa onílé là ń fi ọjọ́ ìṣílé lé bíríkìlà lọ́rùn, bí táìsì bá wá ń dún, a ó ní òun ló jí sìmẹ́ńtì. Ọ̀rá kan tó fẹ̀ tó ìdajì mítà, tí a lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká fún wákàtí 16, ìbá ti là wá níjà: bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí táìsì dúró, bí kò bá sẹ̀, ká ṣì ka ọjọ́ wò. Ọ̀rá kò wọ́n. Ìmọ̀ràn gìgísẹ̀ mi ló wọ́n, táìsì kọ̀ọ̀kan ni mo sì fi ń san án.