Igba Ojú Lábẹ́ Kánópì

Bí ìwé ìpè bá ní agogo méjìlá ọ̀sán, agogo méjì ni gbajúmọ̀ Adó-Èkìtì ń dé. Ẹ má ṣe dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkèsà lẹ́bi. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí lẹ́yìn kánópì, ó ń retí kí àga kún. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣíwájú, ó ti fi bébà kékeré lé adarí ètò lọ́wọ́. Oyè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́. (Ti ìlú yẹn kì í ṣe oyè Ìhàrẹ tó ń bá Ewì, ọba Adó, dámọ̀ràn o, oyè ìdánilọ́lá ni.) Onígángan fojú kan mọ́tò náà báyìí, ariwo ta.

Bí àwọn àgbà ṣe ń tú ọ̀rọ̀ náà, igba ojú ló mọ ẹni tó ń jẹ́ gbajúmọ̀. Igba yìí kì í ṣe iye tí a kà. Bíi ti igba irúnmọlẹ̀ ni, ó ju kíkà lọ. Ará ìlú ló sì ni ojú. Sàràkí, orúkọ mìíràn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, jọ sarki, orúkọ tí Haúsá ń pe ọba. Ṣùgbọ́n èèkàn ìlú ló dùn jù nínú àwọn orúkọ yìí: igi tí a gbá mọ́lẹ̀ láti so ẹran mọ́, tí kì í kúrò lójú kan. Èèkàn tiwa yìí ń lọ òde mẹ́ta ní Sátidé kan.

Kí ó tó débí, ó gba iwájú ère Adékúnlé Fájuyì kọjá. Ọmọ Adó ni Fájuyì, òun ni ológun àkọ́kọ́ tó ṣe gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, ní July 29, 1966. Fájuyì kò fún adarí ètò kankan ní bébà.

Owó ńkọ́? Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde àríyá yóò san ó kéré tán ₦50,000, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ní April 2024 ni ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán Bobrisky, ìlúmọ̀ọ́ká orí ayélujára, lọ lo oṣù mẹ́fà náà. Láti ìgbà náà, gbajúmọ̀ kì í lẹ owó mọ́ni níwájú mọ́. Inú àpò ọ̀rẹ́ ìyàwó ló ń jù ú sí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí oníkámẹ́rà lè rí i.

Iyán dé hái tébù, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n dì í fún òun.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, Ìyìn-Èkìtì ni. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ aránṣọ.