Ẹ Ṣáà Ti Da Pupa Sí I

Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, àwọn tí mo fẹ́ rò ó mọ́ sì pọ̀ ju àwọn tó lè bá mi dá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì sítíárìn ni. Mo ní Hilux tókunbọ̀ àtijọ́ kan tí mo fi ń kó ata, tòmátì àti àlùbọ́sà láti Bódìjà lọ fún àwọn olóúnjẹ káàkiri Ìbàdàn. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá ti fẹ́ yí sítíárìn rẹ̀ kọ́nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ìyá ọkọ tí wọn ò fi ẹran sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì inú ike sítíárìn ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì dà bí ohun tó jóná. Ó ti gbó, ó fẹ́ pípààrọ̀. Ohun tó yẹ kó parí síbẹ̀ nìyẹn, torí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti kọ ọ́ sórí ìdérí ike yẹn gan-an pé ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀mátíìkì, ni kí á lò, Dexron II tàbí III. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní ọgbà mẹkáníìkì wa, ìdérí yìí nìkan ló mọ ohun tó ń sọ, òun nìkan sì ni kò sẹ́ni tó bi léèrè.

Fíkáníásà ẹ̀gbẹ́ wa ló kọ́kọ́ dé. “Bàbá, ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i jàre. Ọ́ìlì kì í ṣe ọ́ìlì ni?” Oníwáyà ní ó tì o, ọ́ìlì bíréèkì ló dáa jù, torí kì í tètè hó. Ìyá alákàrà nìkan ni kò dá sí i. Ó ní òun ò mọ òróró tó kọjá èyí tí òun fi ń dín nǹkan, mo sì fi ọ̀wọ̀ fún un láti ọjọ́ náà. Ìgbà tó kan ọ̀gá mẹkáníìkì, kò tilẹ̀ wo inú ọkọ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì lọ ní tirẹ̀. “Alàgbà, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ṣáà ti da pupa sí i.”

Pupa! Aró ni wọ́n pò mọ́ ATF tó fi pupa, kí ẹni tó bá rí i nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Aró ọ̀hún kò ran sítíárìn lọ́wọ́ rárá. Bó bá jẹ́ pé pupa nìkan ni ọkọ̀ ń fẹ́, kí ló dé tí wọn ò ní kí n lọ bu epo pupa ní Bódìjà níbi tí mo ti ń bọ̀?

Ti oníwáyà ló dùn mí jù, torí pé ó lè ba ọkọ̀ jẹ́. Glycol ni wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì bíréèkì, rọ́bà síìlì inú sítíárìn kò sì gbà á. Yóò rọ̀, yóò wú, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo ṣàlàyé èyí fún un. Ó ní ta ló sọ fún mi. Ṣùgbọ́n kí n má rẹ́ fíkáníásà jẹ: tirela wà tí àwọn tó ṣe sítíárìn rẹ̀ fọwọ́ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 15W-40. Kó lọ ka ìdérí tirela nígbà náà, kó fi tèmi sílẹ̀!

Mo gba ọjà spéà páàtì lọ. General Motors ló ni orúkọ Dexron. Wọ́n mú Dexron VI jáde ní 2005, nígbà tí 2006 sì parí, wọn ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ mọ́ láti pe ọ́ìlì rẹ̀ ní Dexron III. Ẹ wá wo orí pẹpẹ ọlọ́ìlì: Dexron III ló kún ibẹ̀ bámúbámú, gbogbo rẹ̀ sì ni “orígínà”. Mo ń yí ike kọ̀ọ̀kan kiri láti ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ́ìlì lẹ fẹ́ rà ni àbí ìwé?” Mo ra ike méjì tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn wọn pé wọ́n ṣe é lò fún ọkọ̀ tó ń béèrè Dexron II tàbí III, tí ẹnìkan ò sì tíì já ìdè ẹnu wọn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló kúkú fa gbogbo ọ̀rọ̀ páwà sítíárìn yìí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Francis Davis, ló rí ìyà tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń jẹ nídìí sítíárìn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Pierce-Arrow. Ó ti ṣe páwà sítíárìn, ó sì fi han aráyé ní 1926. Ọdún 1951 ni wọ́n tó fi sínú ọkọ̀ títà, Chrysler Imperial. Bàbá yẹn fi ọdún 25 dúró. Ọ̀gá mi ò lè dúró ka ọ̀rọ̀ orí ìdérí.

Nígbà tí mo kó ọ́ìlì dé, bí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ rèé: ó ti àkísà bọnú ike, ó fún ọ́ìlì dúdú jáde, ó da tuntun lé e, ó ní ó parí. Bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló wà nínú ike. Inú pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì àti gíà sítíárìn ni ìyókù sápamọ́ sí. Ó tún ní kí n mú owó wọ́ọ̀kìmáńṣípù wá. Owó àkísà!

Mo kọ̀. A fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. A yọ họ́ọ̀sì tó ń dá ọ́ìlì padà, a tì í bọnú ike òfìfo, a sì dí ojú ibi tí a ti yọ ọ́. Ẹnìkan ń rọra yí sítíárìn lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, ẹnìkan ń da tuntun sí i, kó má baà gbẹ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Dúdú ń jáde, ó di bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀, ó wá mọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ń yí sítíárìn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpẹ̀kun tí pọ́ǹpù fi ń ké. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló ní kí òun yí i dópin.

Ó kẹ́sẹ járí ṣá. Mo sanwó, mo wá ní kí wọ́n kó ìyókù ọ́ìlì mi fún mi. Ọ̀gá nawọ́ sí Camry kan tó ń jáde lọ.

“Ẹ má bínú, alàgbà. Wọ́n ní pupa làwọn ń wá.”