Ẹ Wá Gbọ́ Iye Tí Amẹ́ríkà Ń Ra Nǹkan

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó máa ń wà lẹ́bàá ibi ìfọwọ́, tí èèyàn á tẹ̀, tí ọṣẹ olómi á sì tú sí i lọ́wọ́? Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà rà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù akẹ́rù wọn, C-17. Iye tí wọ́n san lórí ẹyọ kan lé ní ìlọ́po 80 iye tí irú rẹ̀ ń lọ lórí àtẹ. Ìlọ́po ọgọ́rin o, ẹ̀yin èèyàn mi! Iléeṣẹ́ Boeing ló tà á fún wọn. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọ̀gá àwọn olùyẹ̀wò iléeṣẹ́ ológun wọn gbé e síta pé lórí nǹkan ọṣẹ yìí nìkan, dọ́là 149,072 ni wọ́n san lé iye tó yẹ. Ẹnì kan tí kò dárúkọ ló ta wọ́n lólobó. Mo fẹ́ràn ẹni náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí ìdí.

Boeing fèsì. Wọ́n ní kò dáa bí wọ́n ṣe fi ohun tí wọ́n ṣe ní ìlànà ológun wé ti orí àtẹ lásán. Ṣíọ̀! Ṣé ọṣẹ ọ̀hún ń yìnbọn ni?

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dùn mí kì í ṣe òǹtàjà. Òǹtàjà á pe iye tó bá wù ú, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá tó fẹ́ ra ata rodo lásán á tú u wò, á ná an, á ṣe bíi pé òun ti ń lọ kí wọ́n lè pè é padà. Àwọn ológun tó ń ra ọṣẹ wá ńkọ́? Olùyẹ̀wò ní wọn ò yẹ iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wọn wò kí wọ́n tó gbà, wọn ò sì wo ìwé owó kí wọ́n tó san. Wọ́n kàn ń sanwó. Owó ta ni?

Àìsàn yìí sì ti pẹ́ lára wọn. Láyé Ààrẹ Reagan, aráàlú gbọ́ pé wọ́n ra òòlù kan ní dọ́là 435, ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní 640, ẹ̀rọ ìpo kọfí inú bàálù ní 7,622. (Àwọn oníṣirò ṣàlàyé pé owó iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n pín lé òòlù lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣàlàyé lọ.) Lọ́dún 1993, Al Gore tó jẹ́ igbákejì ààrẹ gbé àwo eérú sìgá lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n David Letterman, ó sì fi òòlù fọ́ ọ níṣojú gbogbo ayé, torí pé ìjọba tirẹ̀ gan-an ní ìwé tó sọ bí àwo eérú ṣe gbọ́dọ̀ fọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Clinton buwọ́ lu òfin pé kí ìjọba máa ra ohun tó wà lọ́jà, bí gbogbo ayé ṣe ń rà á.

Òfin gidi. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi í ṣe! Bí nǹkan bá ti jẹ́ ohun ọjà, òǹtàjà kò ní láti búra lórí iye tó ná an mọ́, torí wọ́n gbà pé ọjà ti ná an fún wọn. Òfin kò sì ní dandan kí ẹnikẹ́ni ti rà á rí. Kó ṣáà jẹ́ irú ohun tí aráàlú ń lò, kí wọ́n sì ti gbé e jáde pé àwọn ń tà á, ó tó. Ẹnì kan ń tà, ẹnì kan ń rà, kò sẹ́ni kẹta níbẹ̀, ẹ ní ọjà ni. Ọjà wo? Ọjà Ọjẹ́ àbí ti Bódìjà?

Èyí tó burú jù ni ti TransDigm, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà bàálù fún àwọn ológun. Nínú ẹ̀yà bàálù 47 tí olùyẹ̀wò wò lọ́dún 2019, èrè orí 46 ló pọ̀ kọjá ààlà. Píìnì irin kan tí kò yẹ kó ju dọ́là 46 lọ, 4,361 ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Iye tí ìjọba ń rà lẹ́ẹ̀kan sì kéré débi pé òfin tó ń fipá mú òǹtàjà jẹ́wọ́ kò kàn án. Àwọn olùrà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ iye tó ná wọn lórí ẹ̀yà 16. TransDigm kọ̀ lórí 15. Ojú ò tì wọ́n! Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tí Elijah Cummings ń darí pè wọ́n ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ní àwọn kò rú òfin kankan. Òótọ́ ni, wọn ò rú u. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n dá mílíọ̀nù dọ́là 16.1 padà, gbogbo ènìyàn sì mí kanlẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn olùyẹ̀wò tún padà sí ilé kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mílíọ̀nù dọ́là 20.8 ni èrè àpọ̀jù tí wọ́n rí.