Ẹ Kú Oríire Ọkọ̀ Tuntun

Ní àwọn ilé ìtajà ọkọ̀ olówó ńlá ní Victoria Island, kò sí ọmọ iṣẹ́ tuntun tí wọn kì í sọ ìtàn bàbá onísílípáàsì fún. Bàbá wọlé, ẹnikẹ́ni kò kí i, ló bá sọdá títì lọ ra jíìpù méjì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò tilẹ̀ ná an. Ìtàn yẹn ló kó bá mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá kan wọlé, sílípáàsì rẹ̀ ti jẹ tán ní gìgísẹ̀. Inú mi dùn! Mo fi ọkùnrin oníkóòtù tí mo ń dá lóhùn sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. Mo gbé omi tútù wá, mo gbé bisikíìtì tì í, mo ní kí bàbá wọ inú Lexus LX 570 jókòó. Mo tú ìtàn sílẹ̀: pé ọmọ Toyota ni Lexus, pé ọdún 1989 ló kọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà, pé ẹ́ńjìnì V8 ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí. Bàbá ń mi orí. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ẹ́síì ti ń fẹ́, ó fetí sí i, ó ní, "Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ yìí dára." Mo ní lọ́kàn mi pé olówó gidi rèé. Ó mu omi rẹ̀ tán.

"Ọmọ mi, ẹ́síì tó ń jò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dà? Wọ́n ní kí n tètè wá."

Oníkóòtù ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹlẹgbẹ́ mi ló sin ín dé ìdí ọkọ̀ tó rà.

Ẹ má rò pé owó oṣù la fi ń gbé o. Kọmíṣọ̀n ni. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ kó máa bá dọ́là jà fúnra rẹ̀, iye tí a pe ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé lè dàwátì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo ti pe iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún oníbàárà rí. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe tètè gbà. Ọ̀gá ní kí n fi owó oṣù mi dí i. Bí mo bá ṣiṣẹ́ títí mo fi hewú, kò ní dí.

Ti iná títì ní Ozumba Mbadiwe náà wà ńbẹ̀. Màdámù kan ń dán Mercedes-Benz wò, a dúró, ẹ́ńjìnì kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo ń wá nọ́ńbà mẹkáníìkì. Dírẹ́bà rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mà. Epo ló ń ṣọ́." Ẹ́ńjìnì jí. Láti ìgbà náà, dírẹ́bà ni màdámù ń bi ní gbogbo ìbéèrè.

Iṣẹ́ yìí ti gbé ẹlòmíràn ga ṣá. Emil Jellinek, tó ń ta ọkọ̀ Daimler fún àwọn ọlọ́lá ní Nice nílẹ̀ Faransé, ló ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, Mercédès, pe ọkọ̀ ní ọdún 1900. Èmi náà fi orúkọ obìnrin sórí ọkọ̀. Ìyàwó oníyàwó ni, kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ kankan wà.

Àṣẹ ọ̀gá wa ni pé ká máa pe oníbàárà lẹ́yìn tó bá ti gbé ọkọ̀ lọ, ká bi í bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe, ká rán an létí ọjọ́ sáfíìsì. Olóyè kan ti wá gbé ọkọ̀ pupa fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Nọ́ńbà méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Èkínní kò lọ, mo pe èkejì. Obìnrin ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà! Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun o!"

"Ọkọ̀ wo?"

Ẹlòmíràn á ti pa fóònù. Èmi sọ irú ọkọ̀, mo sọ àwọ̀ rẹ̀, mo sọ ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, mo ní mo ṣì rántí bí ẹ̀yin àti Olóyè ṣe rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

"Fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọmọ mi."

Mo fi ránṣẹ́. Mo tún fi àdúrà sí i nísàlẹ̀.

Kí oṣù tó parí, Olóyè padà wá. Kò pariwo. Ó ra ọkọ̀ tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní orúkọ ẹni tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n kọ sí kọmíṣọ̀n rẹ̀, àfi tèmi. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé ilé, ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ pè mí, ó súre fún mi títí, ó ní bí Olóyè bá tún yọjú sọ́dọ̀ wa, òun ni kí n kọ́kọ́ pè.